Ajá oko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ta la lè fún, báwo la ṣe máa gbé e débẹ̀?

OlókoẸ̀gẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá oko kan wà lápá Ọ̀fàtẹ̀dó tó nílò ilé tuntun. Wọ́n ti ta ilẹ̀ oko náà, ẹni tó rà á fẹ́ kọ́lé sí i, kò sì fẹ́ ajá. Akọ ni, ajá ìbílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ọ̀yà ló ń lé nínú ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣọ́ adìẹ lóru. Pàkúté irin mú un lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún lọ́dún tó kọjá, dókítà sì gé ẹsẹ̀ náà látòkè, níbi ìbàdí. Ojú egbò ti jinná, irun ti bò ó. Ó ń jẹun, ó ń sáré, ó ń gbó. Irú èèyàn wo ló yẹ ká fún? Kí ló yẹ ká ṣe sí i kó tó lọ? Báwo la sì ṣe máa gbé e tí kò fi ní sá padà? A ò fẹ́ kó jìnnà sí Òṣogbo.

DókítàẸranko_ÒkèFíà
Ó dáa pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ajá ló ń wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn ni èyí tí kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan fi sábà ń rìn dáadáa ju èyí tí kò ní ẹsẹ̀ iwájú lọ. Ó tún dáa pé wọ́n gé e látòkè. Bí wọ́n bá fi kùkùté sílẹ̀ láàárín itan, ajá á máa gbìyànjú láti fi tẹlẹ̀, ibẹ̀ á sì di egbò tí kì í san.

Kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ jọ gun òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ adìẹ, kí ẹ yọ ìwúwo tiyín kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ ra á níhà láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì kan oríkèé ẹ̀ṣẹ́ náà: bí ìhà ajá bá rí báyẹn, ó rù jù. Ẹ la ọwọ́, ẹ kan àtẹ́lẹwọ́ níbi ìdí ìka: bó bá rọ̀ báyẹn, ó sanra jù. Ẹ tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ, ẹ wá kan ẹ̀yìn ọwọ́: egungun wà lábẹ́ awọ, ẹ mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n kò yọ gọngọ. Ìyẹn la ń fẹ́. Orúnkún ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì báyìí. Bí ajá bá sanra, iṣan inú orúnkún yẹn ló máa já, ajá tó bá sì dé ibẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kankan mọ́. Bí ó bá jẹ́ kílò 22 tó sì yẹ kó jẹ́ 20, ẹ dín ẹ̀bà rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ bọ́ síbẹ̀. Ẹ má fi ebi pa á.

Ẹ wo èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì náà. Ẹsẹ̀ yẹn ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́, ó ti bọ́ sí àárín, sábẹ́ ìrù gan-an, nítorí náà ọ̀nà tó ń gbà tẹlẹ̀ ti yí padà. Ilẹ̀ lè máa jẹ èékánná kan tán, kí èkejì máa gùn. Èyí tó gùn ló ń mú kó yọ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni etí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún ni ajá fi ń họ etí ọ̀tún. Ẹ wò ó nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́: á tẹ orí sí ọ̀tún, á dijú díẹ̀, ìbàdí tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì kíkankíkan, kò sì sí nǹkan tó máa dé etí. Eégbọn mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ilé. Ẹni tó bá máa gbà á gbọ́dọ̀ ṣí etí yẹn wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó fi aṣọ tútù tó mọ́ nù ún, kó sì bá a họ ọ́. Ẹ má ki igi olówùú bọ̀ ọ́, ẹ má da sípíríìtì sí i. Bó bá ń rùn tàbí tó ń gbọn orí ṣáá, dókítà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

ỌmọỌdẹ
Dókítà ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èèyàn. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan pé "ọ̀fẹ́ ni". Òṣogbo la wà. Àwọn kan ń wá ajá fún Ògún, àwọn kan ń wá a fún ọbẹ̀, ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé tí wọ́n ní kí èèyàn wá gbé lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré sí. Kò sí ìjà níbẹ̀, kálukú ló mọ ohun tó ń sìn àti ohun tó ń jẹ, ṣùgbọ́n ajá oko tẹ́ ẹ fẹ́ kó rílé kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ìbéèrè tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni kẹ́ ẹ fi dá a mọ̀. Ẹni tó bá bèèrè pé "ó tóbi tó báwo?", tí kò bèèrè orúkọ, tí kò bèèrè oúnjẹ tó ń jẹ, tó sì fẹ́ wá gbé e lálẹ́ òní, ẹ dá a lóhùn pé wọ́n ti mú un lọ. Ẹni tó bá bèèrè pé ṣé kì í lé adìẹ, ẹ fún ìyẹn ní ìjókòó, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Ọlọ́sìnAdìẹ_Ìlobùú
Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gba owó díẹ̀ káwọn oníbàjẹ́ má bàa wá. Ṣé ẹni tó fẹ́ pa á jẹ kò lè san owó díẹ̀ ni? Owó kì í dáàbò bo ajá. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni kẹ́ ẹ dé ibi tó ń lọ fúnra yín. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ajá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó bá wà. Bí ọrùn rẹ̀ bá ní egbò okùn, bí abọ́ omi rẹ̀ bá gbẹ, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa bọ̀.

ỌmọỌdẹ
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọjà máa ń tọ́jú rẹ̀ ju ohun ọ̀fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó ra abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdún yìí dípò owó. Káàdì á wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé dókítà. Ẹni tó fẹ́ se é kò ní ra abẹ́rẹ́ fún un.

DókítàẸranko_ÒkèFíà
Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í ṣe ohun tá a lè fò, ọdọọdún ni, pàápàá fún ajá tó ń bá ẹran ìgbẹ́ pàdé. Ẹ má ra á níbi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ láti inú àpò. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé-iṣẹ́ títí dé ara ajá. Bí iná bá lọ ní fìríìjì fún ọjọ́ kan gbáko nínú ooru wa yìí, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí iná kò bá sí, kẹ́ ẹ rí kúlà àti yìnyín pẹ̀lú ojú yín. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kó tó lọ. Akọ tí wọ́n kò tẹ̀ lọ́dàá á fò jáde tọ abo lọ, ẹsẹ̀ kan tó kù lẹ́yìn kì í ṣe fún fífò lórí ògiri.

Gbénró
Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe ìyà la ń fi jẹ ẹ́? Ajá oko tí kò lè lé ọ̀yà mọ́. Ṣé kò ní dáa kí dókítà fún un lábẹ́rẹ́ kó sùn lọ?

DókítàẸranko_ÒkèFíà
Ìbéèrè gidi ni. Ohun tá a máa ń wò nìyí: ṣé ó ń dìde fúnra rẹ̀? Ṣé ó ń jẹ, ṣé ó ń mu? Ṣé ó ń rìn jìnnà síbi tó ń sùn kó tó ṣu? Ṣé ó ń sùn lóru láìké? Ajá yìí ń sáré, ó sì ń gbó, kò tíì dé ibẹ̀. Bí orúnkún òsì tàbí ìbàdí òsì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, a ó tún jókòó sọ ọ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ mọ àmì rẹ̀: kó máa pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, kó máa fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ síwájú, kó máa bínú bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Nípa ìrora, ẹ jọ̀ọ́, oògùn èèyàn kọ́ o. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá egbò sí ikùn ajá, wọ́n ń ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́. Parasẹtámọ̀ náà lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Oògùn ajá wà, bíi meloxicam àti carprofen, ìwọ̀n wọn sì ń bá kílò ajá rìn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí bù.

Ọlọ́sìnAdìẹ_Ìlobùú
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́, torí iṣẹ́ ló máa gbé e wọlé, àánú kọ́. Àánú máa ń tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Iṣẹ́ ọ̀yà ti parí fún un. Lílé ọ̀yà gba kéèyàn máa yà bìrí, ibi yíyà sọ́tùn-ún ló ti máa ṣubú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ adìẹ lóru, etí àti ohùn ló ń ṣe é. Kọ́lọ̀kọ̀lọ̀, ẹtà àti olè, kò sí èyí tó máa dúró ka ẹsẹ̀ ajá kó tó sá. Ọgbà adìẹ tó ní ọgbà wáyà yíká, tí kò tóbi ju plọ́ọ̀tì méjì mẹ́ta lọ, tí ẹnì kan ń sùn níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ so ó mọ́ okùn kúkúrú, kẹ́ ẹ jókòó tì í níta nẹ́ẹ̀tì adìẹ fún ìṣẹ́jú 20, láàárọ̀ nígbà tí adìẹ ń sáré jẹun. Bó bá wò wọ́n tó wá dùbúlẹ̀, ó dáa. Bó bá le gbandi, tí ojú rẹ̀ ń bá adìẹ kan ṣoṣo lọ, tí itọ́ ń dà, ìyẹn kì í ṣe ajá adìẹ, ẹ wá ibi ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọgbà ẹja fún un. Ẹ tún un ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ọjọ́ kìíní lè tan yín.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ síta, ẹ kọ iṣẹ́ ṣáájú, kẹ́ ẹ wá kọ ẹsẹ̀ láìfi pamọ́. Bí àpẹẹrẹ: "Akọ ajá oko, ọdún mẹ́rin, kílò 22, ó mọ iṣẹ́ ọgbà adìẹ lóru, kì í lé adìẹ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ojú egbò ti jinná. Kò lè fo ògiri, kò lè sáré lórí táìsì. Ẹni tó bá gbà á ló máa ra abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdún yìí fún un. A máa wá wo ilé yín kí a tó gbé e wá." Ẹ fi fídíò tó ń sáré sí i, kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹnikẹ́ni má bàa dé ibẹ̀ kó wá máa ṣe háà.

ÌyáOníṣọ́ọ̀bù
Ẹ kú àlàyé o. Mo ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ògo-Olúwa, mo fẹ́ ajá tó máa wà nílé lóru kó tún bá mi lọ ṣọ́ọ̀bù lójúmọ́. Ojú rẹ̀ wù mí.

Ọlọ́sìnAdìẹ_Ìlobùú
Ẹ ṣeun, Mà. Ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Kí ló wà nílẹ̀ ilé yín? Bó bá jẹ́ táìsì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan yẹn á máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá dìde, ibẹ̀ ni orúnkún ti ń bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, àtẹ̀gùn mélòó ni wọ́n ń gùn? Ariwo ọ̀kadà àti ọmọ ilé-ìwé tó ń rọ́ kọjá kì í ṣe ohun tí ajá oko mọ̀. Ó lè gé ẹnì kan jẹ.

DókítàẸranko_ÒkèFíà
Bó bá gé èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bí ajá tilẹ̀ ní káàdì. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i.

ÌyáOníṣọ́ọ̀bù
Táìsì ni gbogbo rẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́fà sì ni. Ó yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọgbà adìẹ ní ọ̀nà Ìkìrun, adìẹ ẹlẹ́yin bíi 300, ọmọkùnrin kan ń sùn níbẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni, kì í ṣe táìsì. Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe?

Káfíńtà_Àlẹ́kùwodò
Ilé ajá ni kó kọ́kọ́ ṣe, Mà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀, mẹ́ta ní gíga. Kí ilẹ̀ rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan torí omi òjò, kí wọ́n sì fi pákó gígùn ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ṣe ọ̀nà gígùn sókè dípò àtẹ̀gùn. Bí pákó náà bá kúrú ju mẹ́rin lọ, á dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, ajá á máa fò ó. Kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí i níbùú-níbùú ní ínṣì 6 síra, kó o tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé e, kó o kàn án mọ́lẹ̀ lábẹ́, kí orí ìṣó má fara hàn níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé kò gbọdọ̀ kọjú síbi tí òjò ti ń wá. Kí wọ́n má fi páànù ṣe ògiri, oòrùn á sè é mọ́bẹ̀.

Bí wọ́n bá máa so ó rárá, kí wọ́n má so ó mọ́ òpó kan. Ajá á yí òpó po títí okùn á fi tán, á wá máa yí ara lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan. Kí wọ́n ri òpó méjì mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 40 síra, kí wọ́n na wáyà líle láàárín wọn ní gíga ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí òrùka irin máa sáré lórí wáyà náà, kí okùn wá láti ara òrùka sọ̀ kalẹ̀. Kí okùn gùn tó tí ajá fi lè dùbúlẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ti tó. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé nìyí: ẹ di nǹkan mọ́ wáyà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí òpó kọ̀ọ̀kan kí òrùka má lè kọjá. Bí ibi ìdádúró yẹn bá sún mọ́ òpó ju gígùn okùn lọ, ajá á ṣì rí òpó yí po, iṣẹ́ yín ti di òfo nìyẹn.

ỌmọỌdẹ
Kí okùn má sì wà lọ́rùn. Ẹ lọ bá aránbàtà, kó fi bẹ́líìtì ọkọ̀ àlòkù rán ìjánu àyà, èyí tó gba iwájú àyà kọjá bí lẹ́tà Y, tó sì tún ní ọ̀já kejì lábẹ́ ikùn lẹ́yìn ìhà. Fífẹ̀ ínṣì méjì, kó fi aṣọ ìnura tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gun ọkọ̀ á di ọ̀já ẹ̀yìn mú. Ìka méjì gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo. Abẹ́ apá ló kọ́kọ́ máa ń bó, ẹ wo ibẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní, kẹ́ ẹ sì bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀ nígbàkigbà tí kò bá sí lórí okùn. Ẹ má gbà pé irin tí wọ́n fi ń de ìjánu yẹn lágbára títí ẹ ó fi fà á pẹ̀lú gbogbo agbára yín.

OlókoẸ̀gẹ́
A ti dé ọ̀nà Ìkìrun lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe wí. Ibẹ̀ dáa, abọ́ omi kún, ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ bèèrè ohun tí Tanímọ̀la fẹ́ràn láti jẹ kó tó bèèrè ohunkóhun mìíràn. A dán an wò pẹ̀lú adìẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dùbúlẹ̀, ó sùn. Báwo la ṣe máa gbé e?

ỌmọỌdẹ
Kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Àwàdà kọ́, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, atẹ́gùn ń wọlé, ó sì sàn ju búùtù ọkọ̀ lọ. Ọ̀kadà kò bá a mu rárá. Ẹ lọ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ má fún un lóńjẹ fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi nìkan. Ẹ tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, kó dùbúlẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ fara ti ẹsẹ̀ yín, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń wó sí nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá yà. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, ìlú á kún, ẹ má sì ṣe é ní oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọdé ń yin nọ́káòtù.

Ọlọ́sìnAdìẹ_Ìlobùú
Ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ ló le jù. Ọ̀nà Ìkìrun sí Ọ̀fàtẹ̀dó kò jìnnà lójú ajá, ẹsẹ̀ mẹ́ta ò ní dá a dúró. Kò gbọdọ̀ wà níta láìsí okùn tàbí ọgbà títì fún ọjọ́ 14 yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un lóńjẹ, ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ náà, ní àkókò kan náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó sì jẹ́ ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó máa pa á dà díẹ̀díẹ̀. Egungun adìẹ sísè kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, ó máa ń fọ́ sí ṣónṣó, ó sì lè gún ìfun. Kò sì gbọdọ̀ rí òkú adìẹ jẹ rárá, kí wọ́n máa rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìn. Ọjọ́ tó bá tọ́ òkú adìẹ wò ni iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà, bẹ́ ẹ ṣe ń pè é gan-an, bó jẹ́ "wá" ni, bó jẹ́ "kúrò ńbẹ̀" ni, bó jẹ́ súfèé ni. Kí súfèé yẹn wà nínú fídíò.

DókítàẸranko_ÒkèFíà
Iṣẹ́ rẹ̀ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìrìn ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Fífi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn máa ń rẹ ajá ju fífi mẹ́rin rìn lọ, ara rẹ̀ á tètè gbóná. Láti agogo mẹ́wàá sí mẹ́rin, abẹ́ igi.

Kẹ́ ẹ kọ ìwé méjì tó bára mu, ẹ mú ọ̀kan, kí wọ́n mú ọ̀kan: orúkọ ajá, fọ́tò rẹ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà fóònù ẹ̀yin méjèèjì, àti pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ bí kò bá bá wọn mu, ọ̀dọ̀ yín ló ń padà sí. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

OlókoẸ̀gẹ́
A ti kọ ìwé náà. Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ. Àpò tó máa ń sùn lé lórí ńkọ́, ṣé ká fọ̀ ọ́ kó tó lọ? Ó ti dọ̀tí gan-an.

ỌmọỌdẹ
Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Ẹ gbọn eégbọn dànù lára rẹ̀ nínú oòrùn, kẹ́ ẹ ká a, kẹ́ ẹ fi síwájú nínú kẹ̀kẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sínú ilé tuntun kẹ́ ẹ tó gbé ajá sọ̀ kalẹ̀.